Iwin Tó Jókòó Sínú Àpótí Ohùn

“Ọjọ́ tí mo sín nínú Igbó Má-Fọhùn, odò tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ yí padà, ó gun òkè lọ bá orísun rẹ̀, ó lọ bi í léèrè ohun tí òun ṣẹ̀. Atẹ́gùn tó jáde nímú mi hú igi ìrókò mẹ́tàdínlógún tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó tò wọ́n jọ bí ẹni to igi ìdáná. Erin kan tó ń jẹ̀ nítòsí fò sókè, kò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa wòkè o, bí ẹ bá ń lọ sóko. Ẹ má sọ pé n kò kìlọ̀.”

Báyìí ni Ọdẹ́jìmí ọmọ Ọdẹ́sànyà ṣe ṣí ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lábẹ́ àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní abúlé Ìdí-Apá. Àgbà ọdẹ ni, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni. Ìbọn ló jogún, ayùn ló ń bọ́ ọ. Àwọn tó pé lé e lórí tó igba, bí ẹ bá ka ewúrẹ́ mọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá yọ ewúrẹ́ kúrò, wọ́n á tó mọ́kànlá. Ẹ̀rín pa wọ́n, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń mi irùngbọ̀n.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Lórí ìjókòó iwájú ló wà, ó gbé agogo irin lé orí itan, ó ń wo òjìji òpó àtíbàbà bí ó ṣe ń súnkì. Láṣẹbìkan ni, akéde Ìdí-Apá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ohùn tí ọkùnrin yìí ní tẹ́lẹ̀. Bó bá dúró sí ìdí igi apá tó wà láàárín abúlé, tó ní “Ẹ gbọ́ o!”, ẹni tó sùn á jí, ẹni tó jí á wọ ẹ̀wù, ẹni tó wọ ẹ̀wù á ti dé ọ̀nà kó tó rántí bi ara rẹ̀ pé níbo ni òun ń lọ. Bàbá rẹ̀ ló fún un lágogo, bàbá bàbá rẹ̀ ló fún bàbá rẹ̀. Àfi bí ikọ́ burúkú kan ṣe wọlé dé lọ́dún tó kọjá, tó fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe ilé fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ikọ́ yóò lọ, ó di ohùn ọkùnrin náà mọ́ ẹrù rẹ̀, ó gbé e lọ. Èyí tó ṣẹ́kù kò ju ìró ewé gbígbẹ lórí ilẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbé etí tì í lẹ́nu kò lè mọ ohun tó ń wí.

Baálẹ̀ ṣe sùúrù títí. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan, Láṣẹbìkan kéde pé ọjà kò ní í ná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ìlàjì abúlé ru iṣu dé ọjà, àwọn àti alángbá ni wọ́n jọ ná an. Baálẹ̀ wá ní ó tó. Ó dá ọjọ́, ọjọ́ náà ló sì pé lónìí yìí: bí oòrùn bá ti dé àtàrí, kí Láṣẹbìkan dúró sí ìdí igi apá, kó kéde. Bí àwọn tó ń fọṣọ létí odò bá gbọ́ ọ, agogo ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́, kó gbé e sílẹ̀ kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó fún un nírètí ni Gàníyù Onírédíò, tó jókòó tì í, tó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sáàárín ẹsẹ̀. Gàníyù yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní amupilifáyà. Kì í so ó lọ́pọ̀. Méje péré ló ń so lọ́dún, kò sì sí méjì tó jọra, nítorí ó ní ohùn ọmọ aráyé kò jọra. Ti Láṣẹbìkan wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, kò ju ìlàjì búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní àpótí, ìgbín tí kò ní ìkarahun ni: òjò lè pa á, eruku lè pa á, ìka ọmọdé lè pa á. Ọdẹ́jìmí ni wọ́n gbé iṣẹ́ àpótí fún. Ó ní ọjọ́ méje. Ọjọ́ keje pé, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní ó ti lọ sígbó. Ọjọ́ kẹrìnlá, ó ṣì wà nígbó. Ó pé ọgbọ̀n ọjọ́ lónìí. Òwúrọ̀ yìí ló yọ látọ̀nà oko, ewé lórí, ọgbẹ́ lọ́wọ́ méjèèjì, bàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní àpótí ti ṣe tán, ó wà níyàrá ẹ̀yìn tí òun tì pa, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni, a kì í gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ síta láìkọ́kọ́ ròyìn ìrìn tó rìn. Àpótí tí a kò bá ròyìn rẹ̀ kì í gba ohùn.

Ta ló máa bá ọdẹ jiyàn lórí èèwọ̀ tó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ ọ́n? Wọ́n jókòó.

“Igi ni mo wá lọ,” Ọdẹ́jìmí ń bá tirẹ̀ lọ. “Igi tí a fi ń kan àpótí ohùn kì í ṣe igi lásán. Bí igi bá jẹ́ aláròyé, gbogbo ohun tí akéde bá wí ló máa dá sí. Akéde á ní ‘Ọ̀la lọjà,’ igi á ní ‘Họ̀ọ̀ùn, họ̀ọ̀ùn.’ Igi tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ ni mo ń wá, inú Igbó Má-Fọhùn nìkan ló sì wà. Nínú igbó yẹn, bí ewé bá já, yíyọ́ ló ń yọ́ rìn wálẹ̀ kó má baà dún. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹyẹ ní ọwọ́?” ẹnì kan bi í lẹ́yìn.

“Tibẹ̀ ní. Ṣé ìwọ ti débẹ̀ rí? Ìwọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ lo rìn jìnnà jù lọ dé!”

Ẹ̀rín ta. Láṣẹbìkan fẹnu kan etí Gàníyù, Gàníyù sì fi orúkọ ọmọ pe ọdẹ, ó tún un wí sókè: “Bàbá Ọdẹ́yẹmí, Akéde ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sáré dé ibi tí àpótí wà.”

“Akéde, ọ̀rẹ́ mi, ọdún mélòó ni ìwọ fi ń ní ‘Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ o’? Òní nìwọ náà á gbọ́. Sùúrù ni baba ìwà. Mo dé ibodè igbó náà, oníbodè dìde. Ẹ ò rí gíga! Òjò tó rọ̀ lé e lórí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbáròkó rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàn dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ọ̀nà mú. Ó ní, ‘Ọmọ aráyé, kí ló ń pariwo jù lọ tí kò lẹ́nu? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ọbẹ̀ ni ọ́.’ Mo ní, ‘Ikùn àlejò tí a kò fún lóúnjẹ.’ Háà! Ẹ̀rín gbé e. Èèwọ̀ sì ni ẹ̀rín nínú igbó yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ méjèèjì tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ lèmi gbà wọlé.”

Láṣẹbìkan gbójú sílẹ̀. Òjìji òpó ti kúrò lára ewúrẹ́ funfun, ó ti dé ẹsẹ̀ ìjókòó.

“Ìlú Elétí-Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni etí wọn wà. Ọlọ́jà ìlú náà ní ẹ̀rọ bí irú ti Gàníyù yìí, ó gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ní òun fẹ́ kí wọn kú àárọ̀, gbogbo ilẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sí wọn lára, eyín á máa ṣubú lẹ́nu àgbà. Ọwọ́ ni gbogbo ìlú wá fi ń rìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ro oko. Àánú wọn ṣe mí. Mo bọ́ bàtà rọ́bà mi kan, mo gé e sí mẹ́rin, mo kàn án mọ́ abẹ́ àpótí wọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọlọ́jà sọ̀rọ̀: ilẹ̀ kò gbọ̀n. Ó tún sọ ọ́: ilẹ̀ dákẹ́. Wọ́n rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Omijé wọn gbé mi títí dé ìlú kejì. Mi ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.”

Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò ní bàtà síwájú kí gbogbo wọn rí i.

Gàníyù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Láṣẹbìkan: “Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó fi ẹsẹ̀ rọ́bà sí i. Ó jọ pé ó ṣe é.”

Ọkàn akéde fò díẹ̀, ó tún balẹ̀ díẹ̀.

“Ìlú kejì! Oníná-Lẹ́nu ni orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn gbóná, ẹni tó bá kí ìyàwó rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ti se ọbẹ̀ rẹ̀ jinná. Ọba wọn ní àpótí ohùn tí wọ́n fi irin dí lókè, wọ́n dí i nísàlẹ̀, wọ́n dí i lẹ́yìn, nítorí iyì. Kò ní ihò tí kòkòrò lè fi imú yọjú. Bí ọba bá sọ̀rọ̀ débi ìdajì, àpótí á pọ́n bí ògúnná, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á ní ‘yèèè,’ á kú. Ẹ̀rọ mẹ́rinlélógójì ló ti kú bẹ́ẹ̀. Mo ní, ‘Kábíyèsí, ẹni tí ẹ bá tì mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé, ṣé kò ní í làágùn ni?’ Mo mú irin tí mo fi ń lu igi, mo lu fèrèsé tóóró-tóóró mẹ́jọ sí i lẹ́yìn, mẹ́jọ sí i lókè. Ẹ̀rọ mí. Ó ní ‘Fùùù.’ Ìmí ìtura náà tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà ọba fi fò lọ. Ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́? Àwọn obìnrin ìlú kó orógùn lé mi! Wọ́n ní orí àpótí yẹn ni àwọn ti ń sun iṣu láti ọjọ́ yìí, níbo ni àwọn máa sun iṣu sí báyìí? Ẹ̀yin ará, ṣe rere kí o kúrò níbẹ̀, òun ni ọgbọ́n.”

Àwẹ̀ró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú igbá. Ó mí kanlẹ̀. “Bàbá Ọdẹ́yẹmí, ẹ kò sì bá mi rí àgbébọ̀ adìẹ mi nínú gbogbo ìlú tí ẹ rìn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ti ṣépè fún aládùúgbò ọ̀tún, mo ti ṣépè fún tòsì, ó ku àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Àgbàdo inú agbọ̀n mi náà ń dín kù lójoojúmọ́, eku ilé yìí ti ya ọ̀kánjúwà.”

Ọdẹ́jìmí wúkọ́. Ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó di etí mú. “Ọ̀rọ̀ ìyanu là ń sọ, ìwọ ń sọ ti adìẹ! Ẹ gbọ́ ti ìlú kẹta. Iwin mẹ́rìndínlógún, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n ń jà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ga bí ọ̀pẹ, ó fẹ́ àpótí gígùn. Ọ̀kan rí pẹlẹbẹ bí àkàrà, ó fẹ́ èyí tí á tẹ́. Ọ̀kan ní òun kò lè wo ohun tí kò bá ní àwòrán ẹja. Òmíràn ní bí òun bá rí ẹja, òun á kú, ó sì ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Igba ọdún ni wọ́n ti ń jà. Mo jókòó, mo ronú, orí mi gbóná débi pé ewé tó wà lókè mi gbẹ. Mo wá kan àpótí kan tí pákó ojú rẹ̀ ṣeé yọ. Mo gbẹ́ ojú mẹ́rìndínlógún tì í. Bó bá kan ẹni tó fẹ́ ẹja, á fa ojú ti èkejì jáde, á ti ẹlẹ́ja bọ̀ ọ́. Gbogbo wọn dì mọ́ mi. Ilé kan, ojú mẹ́rìndínlógún! Mo mú ojú kan bọ̀ fún Akéde, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé yìí.”

Òjìji òpó ti dé orí ìka ẹsẹ̀ Láṣẹbìkan. Ó dìde. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni fẹ́ eruku kúrò lórí tábìlì: “Ọdẹ́jìmí. Agogo bàbá mi ni. Ṣé àpótí wà, àbí kò sí?”

Gbogbo wọn na etí kí wọ́n lè gbọ́, wọ́n sì gbọ́. Ọdẹ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀.

“Ó wà,” ó ní. “Mo fi bàbá mi búra, ó wà, ó sì dára. Ìdí tó fi pẹ́ ló kù. Iwin kan ló dá mi dúró.”

“Irú iwin wo?” Gàníyù bi í.

Bí wọ́n ṣe bi í ni ojú rẹ̀ tún tàn. Ìrù ajá kì í pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jù.

“Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó! Akin obìnrin! Mo gbé àpótí kalẹ̀ kí ó gbẹ, mo ṣíjú kúrò, kí n tó ṣíjú padà, ó ti wọ inú rẹ̀, ó jókòó. Mo ní kó dìde, ó wò mí bí ẹni wo ìdọ̀tí. Mo na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ẹnu gún un. Mo na ọwọ́ òsì, ó gún un. Èmi tí mo fi ìka fa ìrù ẹkùn! Èmi tí erin ń sá fún lófuurufú! Ó ní òun kò dìde títí ogun òun á fi dé. Mo ní ogun wo? Ó ní abẹ́ òun ni wọ́n wà, wọn kò tíì lẹ́sẹ̀, wọn kò tíì lójú, ọjọ́ kọkànlélógún ni wọ́n á ní in. Ó wá pa àlọ́ fún mi: ‘Ilé funfun kan wà, kò lójú fèrèsé, kò nílẹ̀kùn. Onílé á fi ẹnu lu ògiri, á jáde, kò sì ní í padà wọlé mọ́ láéláé.’ Mo ronú títí, n kò mọ̀ ọ́n.”

“Ẹyin ni,” ìyá arúgbó kan wí láti ẹ̀yìn, ó ń jẹ obì rẹ̀ lọ.

Gbogbo orí yí sẹ́yìn wò ó.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí ẹ̀wà. “Bàbá Ọdẹ́yẹmí,” ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ohùn tí ọkọ tó bá gbọ́n fi ń wá ọ̀nà oko, “irú fìlà wo ni iwin náà dé?”

“Pupa, ó gún ṣáṣá-ṣáṣá.”

“Aṣọ wo ló wọ̀?”

“Dúdú, ó ní funfun tóótòòtó. Aṣọ olówó ni.”

“Ṣé ẹsẹ̀ òsì ló so òwú pupa mọ́, àbí ọ̀tún?”

“Òsì ni,” Ọdẹ́jìmí ní, kó tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe. “Ó so ó ní...” Ó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

“Èmi ni mo so òwú yẹn!” Àwẹ̀ró ti dìde, ẹ̀wà fọ́n káàkiri. “Èmi ni mo so ó kí n má baà pàdánù rẹ̀!”

Bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́, ohùn kékeré kan dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn: “Ṣíù, ṣíù, ṣíù.” Òmíràn gbè é. Láìpẹ́, gbogbo yàrá náà ń ké.

Àwẹ̀ró ṣí fìlà kúrò lórí ọkọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ jábọ́ sílẹ̀, “gban-ìn.” Hóró àgbàdo méje tẹ̀ lé e.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àgbébọ̀ adìẹ dúdú tóótòòtó náà wà nínú àpótí, lórí èérún pákó, ó ń wo wọn bí ọba tí wọ́n jí lójú oorun. Ọmọ mẹ́sàn-án ń yọrí lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró tẹ̀ síwájú, ó kàn ní “Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ,” ó sì fi apá méjèèjì kó adìẹ àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sọ wọ́n kalẹ̀ lágbàlá. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

“Ọjọ́ kọkànlélógún,” Gàníyù ń fi ọwọ́ lu itan, “ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

“Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kan àpótí náà,” Ọdẹ́jìmí ní, ohùn rẹ̀ ti kéré ju ti akéde lọ. “Mo yọ ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí fáníìṣì lè gbẹ. Kí n tó dé láti ibi tí mo ti lọ mu omi, ó ti yé ẹyin àkọ́kọ́ sí i, ó ń yé lọ. Nígbà tí mo wá ní kí n lé e, ó ti ń sàba. Àwọn àgbà ní a kì í lé adìẹ tó ń sàba.”

“Àwọn àgbà ní kí ẹ sá lọ sí ahéré oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?” Àwẹ̀ró ní. “Kí ẹ máa gba ojú fèrèsé wá jí àgbàdo mi fún un? Ẹ ò lè ní ‘Àwẹ̀ró, bá mi gbé adìẹ’?”

Ọdẹ́jìmí wolẹ̀. “Báwo ni ẹnu mi á ṣe gbà á?”

Láṣẹbìkan kò gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú àpótí náà, ó ń fi ọwọ́ gbọn èérún pákó kúrò. Gbogbo ohun tí opurọ́ náà sọ ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀, bàtà ọdẹ gan-an. Fèrèsé tóóró mẹ́jọ wà lẹ́yìn, mẹ́jọ wà lókè. Igi rẹ̀ dákẹ́. Ó fi ìka kàn án, kò dún. Ojú rẹ̀ tó ṣeé yọ dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti gbẹ́ agogo kan sí i. Kì í ṣe agogo kan ṣáá. Agogo bàbá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ibi tó ti sán ní etí òsì. Ó fi okùn awọ àpótí náà kọ́rùn. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láti ìgbà ikọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ló ń yẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí náà kò yẹ̀. Ó fara tì í ní ìbàdí bí ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀. Nígbà náà ló rántí pé lọ́jọ́ tí òun gbé iṣẹ́ wá, ọdẹ náà dì mọ́ òun pẹ́ púpọ̀, okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé àánú ló ń ṣe ọdẹ, àṣé ńṣe ló ń fi okùn wọn ara òun.

Ó gbójú sókè wo Ọdẹ́jìmí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

“Oòrùn!” Gàníyù kígbe.

Àwẹ̀ró fi àkísà nu inú àpótí. Gàníyù ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó dè é mọ́lẹ̀ ní ìdè mẹ́rin, ó fa ojú alágogo wá sí ipò rẹ̀, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó fi máìkì kọ́ akéde lọ́rùn. Wọ́n sáré dé ìdí igi apá tó wà níwájú àtíbàbà. Òjìji oníkálukú ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ wà lórí àga, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba agogo.

Láṣẹbìkan lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé ẹnu sí máìkì. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

“Ẹ gbọ́ o.”

Ẹ̀yin ènìyàn! Ohùn náà jáde láti ìbàdí rẹ̀, ó fẹ̀, ó nípọn, kò gbọ̀n, kò hó. Ó kọjá orí ilé, ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Gbogbo ènìyàn kọjú sí ọ̀nà odò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ dáhùn:

“À ń gbọ́ o! Láṣẹbìkan, ṣé ìwọ nìyẹn?”

Baálẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi nu ojú. Àyà Láṣẹbìkan, tó ti dì bí ẹrù láti ọdún tó kọjá, tú lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi apá, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń gba àpótí jáde, gbogbo abúlé ń bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ọdẹ rí i pé ó ti dára, àyà rẹ̀ tún le. Ó kúrò lẹ́yìn èrò, ó bọ́ síwájú, ó da agbádá léjìká. “Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ! Àpótí tí mo gbà lọ́wọ́ iwin! Mo bá Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó jà ní ọjọ́ mọ́kànlélógún, mo dá a dùbúlẹ̀, mo gun orí rẹ̀, ó ní ‘Ọdẹ́jìmí, jọ̀ọ́...’”

Kò mọ̀ pé Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó ti da ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde lágbàlá. Kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn rí i tí ìyẹ́ dúdú tóótòòtó kan fẹ̀ níwájú rẹ̀ bí agboòrùn, tí ọrùn gùn, tí ẹnu là.

“Gúọ́ọ́!”

Ọdẹ tó fi ìka fa ìrù ẹkùn fò ga ju erin inú ìtàn rẹ̀ lọ. Bó ṣe balẹ̀, ó ti ń sá. Bàtà kan tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dúró sílẹ̀ dè é, kò rí i. Adìẹ tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́sàn-án tẹ̀ lé adìẹ, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé gbogbo wọn, ó ń pariwo pé “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tẹ ọmọ adìẹ mi pa!”

Láṣẹbìkan dìde lórí gbòǹgbò. Ó tún agogo lù. Ó gbé ẹnu sí máìkì, ó ṣe ìkéde rẹ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn gbọ́ láti ọdún kan:

“Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará etí odò. Akọni tó dá iwin dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín kíákíá. Adìẹ kan ló ń sìn ín bọ̀. Ẹ yà fún un. Ẹ má dá a dúró o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.”

Láti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n dáhùn pé àwọn ti rí i, ó ti kọjá, omi kò tilẹ̀ kàn án lórúnkún.